Líla Ọ̀nà Ẹ̀jẹ̀ tí ó Dí ní Ọrùn: Ìtàn Iṣẹ́ Ìṣègùn Kan àti Ìṣirò tí ó Tọ́ ọ Sọ́nà

Ìfáárà



Iṣẹ́ ìtàn ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe dókítà. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí náà, pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ìtàn kì í ṣe ti ọba àti ogun nìkan. Bí àwọn ènìyàn ṣe wá mọ ohun tí wọ́n mọ̀, bí wọ́n ṣe ṣìnà, àti bí wọ́n ṣe padà sójú ọ̀nà, ìtàn ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tí ó gba ọrùn wa kọjá lọ sí ọpọlọ, àti bí àwọn dókítà ṣe wá mọ ọ̀nà tí a fi lè ṣí wọn láti inú nígbà tí wọ́n bá dí, láìfi ọ̀bẹ kan ọrùn rárá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọwọ́ tí ó já fáfá nìkan kọ́ ni ó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ gidi. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwòrán fi hàn pé ọ̀nà ti là, ṣùgbọ́n tí ìṣirò sọ ohun mìíràn nígbà tí a ka iye àwọn tí ara wọn le àti iye àwọn tí ó rọ. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bákan náà ni oníṣẹ́ kò lè fi ojú ara rẹ̀ nìkan díwọ̀n iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Iṣan Náà àti Àrùn Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fi ìka méjì kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò rẹ̀, yóò mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Iṣan ọrùn nìyẹn. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé abẹ́ àgbọ̀n, iṣan kọ̀ọ̀kan a pín sí méjì bí oríta: ẹ̀ka kan ń bọ́ ojú àti awọ orí, ẹ̀ka kejì ń gòkè lọ bọ́ ọpọlọ. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni ó fún un ní orúkọ tí àwọn dókítà ṣì ń pè é, èyí tí í ṣe carotid, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ oorun àsùnwọra, nítorí wọ́n gbà pé bí a bá tẹ iṣan wọ̀nyí pa, ènìyàn yóò dákú.

Oríta yìí ni àrùn fẹ́ràn jù. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, pàápàá lára ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ó ń mu sìgá, ọ̀rá àti àwọn nǹkan mìíràn a máa dì mọ́ ògiri iṣan náà ní inú. Ọ̀nà méjì ni èyí gbà ń ṣe ibi. Èkíní ni pé àyè tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá a máa fún sí i títí yóò fi dí. Èkejì, tí ó sì wọ́pọ̀ jù, ni pé èérún lè já kúrò lára ọ̀rá dídì náà, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dì sórí rẹ̀ kí ó sì já, kí ó bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ dí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú ọpọlọ. Apá ibi tí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ mọ́ nínú ọpọlọ yóò kú. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń fa àrùn tí à ń pè ní ẹ̀gbà tàbí rọpárọsẹ̀: ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan a rọ, ẹnu a wọ́, ọ̀rọ̀ kò sì ní já gaara mọ́. Nígbà mìíràn àrùn náà a máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sílẹ̀: ọwọ́ lè kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó padà bọ̀ sípò, tàbí kí ojú kan ṣókùnkùn bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ bò ó, kí ó sì tún mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ èérún yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ọ̀tá tí a ó máa bá pàdé láti ìsinsìnyí lọ.

Ní ọdún 1658, Johann Jakob Wepfer, dókítà ará Switzerland, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ẹ̀rí inú òkú hàn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àrùn ẹ̀gbà: yálà kí ẹ̀jẹ̀ tú sínú ọpọlọ, tàbí kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dí. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1664, Thomas Willis ti Oxford ṣàpèjúwe òrùka tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ó sọ nípa ọkùnrin kan tí iṣan ọrùn rẹ̀ ọ̀tún dí pátápátá, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbà kò kọlù títí ó fi kú, nítorí pé àwọn iṣan yòókù ti gba inú òrùka náà lọ bọ́ apá tí ebi ìbá pa.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà lára ọkùnrin yìí. Kì í ṣe gbogbo iṣan tí ó dí ni ó ń ṣe ènìyàn ní ibi. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo iṣan tí a bá ṣí ni yóò ṣe ènìyàn ní rere. Ó lé ní 300 ọdún kí ayé ìṣègùn tó gba ẹ̀kọ́ yìí tán.

Bí Ojú Ṣe Wá Rí Inú Ọrùn

Fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn ikú nìkan ni a lè rí inú iṣan ọrùn. Ní ọdún 1927, ní ìlú Lisbon, Egas Moniz fa oògùn tí ẹ̀rọ X-ray lè rí sínú iṣan ọrùn ẹni tí ó wà láàyè, ó sì ya àwòrán àwọn iṣan inú ọpọlọ. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ẹ̀bùn Nobel tí Moniz gbà ní ọdún 1949 kì í ṣe nítorí àwòrán yìí. Nítorí iṣẹ́ abẹ tí ó fi ń gé okùn inú ọpọlọ àwọn tí orí wọn dàrú ni wọ́n fi fún un, iṣẹ́ tí àwọn dókítà ti kọ̀ sílẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ tí a kò dá lọ́lá ni ó wà títí; èyí tí a dá lọ́lá ni ó parẹ́. A rí i níbẹ̀ pé ìyìn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ní ọdún 1951, C. Miller Fisher, ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal, kọ àròkọ kan tí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ẹ̀gbà tí a rò pé inú orí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ pé ọrùn ni orísun rẹ̀ wà, àti pé ọwọ́ tí ó kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí ojú tí ó ṣókùnkùn tí ó sì tún mọ́lẹ̀ lè jẹ́ ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ iṣan ọrùn. Ó sọ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ yóò rí ọgbọ́n dá sí ibi tí ó dí náà.

Ọ̀bẹ ní Ọrùn

Ọjọ́ náà kò pẹ́ dé. Ní ọdún 1951 kan náà, ní Buenos Aires, Raúl Carrea àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé ibi tí ó bàjẹ́ lára iṣan ọrùn aláìsàn kan, wọ́n sì so iṣan tí ó dára pọ̀ dípò rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1953, ní Houston ní Amẹ́ríkà, Michael DeBakey la iṣan ọrùn ọkùnrin kan, ó yọ ọ̀rá dídì inú rẹ̀ kúrò, ó sì rán an padà. Ọkùnrin náà tún lo ọdún 19 láyé láìsí ẹ̀gbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọdún 1975 ni DeBakey tó kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, Eastcott, Pickering àti Rob ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan tí ìkìlọ̀ ti bá ní ìgbà 33. Wọ́n kọ ọ́ jáde lọ́dún náà, ìkìlọ̀ náà kò sì tún wá mọ́. Ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ ọrùn ti ń gbilẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 1985, ó lé ní 100,000 irú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́dún kan ní Amẹ́ríkà nìkan. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn dáadáa: bí a kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí, mélòó nínú wọn ni ẹ̀gbà ìbá kọlù? Ẹni tí a tọ́jú tí ara rẹ̀ sì le, ǹjẹ́ ìtọ́jú ni ó gbà á, àbí òun náà ìbá rí bí ọkùnrin ti Willis?

Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1985 gan-an ni ó fi ìbéèrè yìí síwájú gbogbo ayé. Iṣẹ́ abẹ mìíràn wà nígbà náà, tí wọ́n fi ń mú iṣan kan láti ara awọ orí, tí wọ́n ń gbà á kọjá nínú ihò tí wọ́n lu sí agbárí, tí wọ́n sì ń so ó mọ́ iṣan orí ọpọlọ, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ọ̀nà àbùjá. Iṣẹ́ tí ó rẹwà ni. Henry Barnett ará Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 1,377 jọ, wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín wọn, kí ó má baà jẹ́ pé dókítà ni yóò yan ẹni tí ó wù ú. Apá kan gba iṣẹ́ abẹ àti oògùn, apá kejì gba oògùn nìkan. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀nà àbùjá náà wò, 96 nínú 100 ni ó ṣí gbayawu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka iye ẹ̀gbà, àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò sàn ju àwọn tí a kò ṣe é fún. Àwòrán ní ọ̀nà là. Ìṣirò ní kò ṣe é ní àǹfààní.

Barnett kan náà ni ó wá darí ìwádìí lórí iṣẹ́ abẹ ọrùn fúnra rẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1991. Láàárín àwọn tí ìkìlọ̀ tàbí ẹ̀gbà kékeré ti bá, tí iṣan ọrùn wọn sì ti fún dé ìwọ̀n 70 sí 99 nínú 100, ènìyàn 26 nínú 100 tí ó lo oògùn nìkan ni ẹ̀gbà kọlù ní apá náà láàárín ọdún méjì. Nínú àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 9 ni. Ìwádìí ilẹ̀ Yúróòpù tí ó jáde lọ́dún náà sọ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀bẹ ní ẹ̀rí tí ó dájú, a sì mọ irú ẹni tí ẹ̀rí náà wà fún.

Ọ̀nà Láti Inú

Nígbà tí ọ̀bẹ ń wá ẹ̀rí rẹ̀, ọgbọ́n mìíràn ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1929, ní Eberswalde ní Jámánì, ọ̀dọ́ dókítà kan, Werner Forssmann, ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò bọ iṣan apá ara rẹ̀ títí ó fi dé inú ọkàn rẹ̀, ó sì rìn lọ sí ìdí ẹ̀rọ X-ray kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò yìn ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1956. Ní ọdún 1953, Sven-Ivar Seldinger ní Sweden fi hàn bí a ṣe lè fi abẹ́rẹ́ gún iṣan, kí a ti okùn irin bọ inú abẹ́rẹ́ náà, kí a yọ abẹ́rẹ́, kí a sì fi rọ́bà gun orí okùn irin wọlé. Títí di òní, ọ̀nà Seldinger ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo irú iṣẹ́ yìí ń gbà wọlé.

Títí di ìgbà náà, àwòrán ni wọ́n ń fi rọ́bà yìí wá. Charles Dotter ti Portland, ní Oregon, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di irinṣẹ́ ìtọ́jú. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1964, wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 82 kan wá bá a. Ẹsẹ̀ obìnrin náà ti ń rà, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì ti ní àfi kí wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ìyá náà kọ̀ jálẹ̀. Dotter ti rọ́bà kọjá níbi tí iṣan itan rẹ̀ ti fún, ó sì fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ tẹ̀lé e. Ẹ̀jẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ gbóná, egbò san. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ìyá náà fi rìn títí ó fi kú. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà kò ka Dotter sí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní Yúróòpù gba ọgbọ́n rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe iṣẹ́ náà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbà á ni Andreas Gruentzig ní Zurich. Ó fi bálúùnù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí orí rọ́bà náà. Bí bálúùnù bá dé ibi tí iṣan ti fún, a ó fẹ́ ẹ, a ó sì tún fa afẹ́fẹ́ tàbí omi inú rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1974 ó lò ó fún iṣan ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1977 ó lò ó fún iṣan tí ń bọ́ ọkàn.

Bí ẹsẹ̀ ṣe gbà á tí ọkàn sì gbà á, kí ni ó dé tí ọrùn fi pẹ́? Èérún ni. Bí èérún bá já ní itan, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ó lè lọ bà jẹ́. Bí ó bá já ní ọrùn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó lè gbà lọ, tàbí ìrìn, tàbí ìríran. Ohun tí a fẹ́ fi dènà ẹ̀gbà lè di ohun tí ó fa ẹ̀gbà lójú ẹsẹ̀, lórí tábìlì ìtọ́jú, lára ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Klaus Mathias ní Jámánì ni ó dábàá iṣẹ́ náà ní ọdún 1977, tí ó sì fẹ́ bálúùnù nínú iṣan ọrùn ènìyàn ní ọdún 1979. Jacques Théron ní ilẹ̀ Faransé ronú nípa ààbò: ó fi bálúùnù kékeré dí òkè iṣan náà fún ìgbà díẹ̀, ó fa èérún jáde, kí ó tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún gòkè. Nígbà tí a sì rí i pé ògiri iṣan lè padà fún lẹ́yìn tí bálúùnù bá ti kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n irin kékeré sílẹ̀ níbẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980 kí ó máa ti ògiri náà dúró. Àwọ̀n irin yìí ni àwọn dókítà ń pè ní stent.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí nìyí. Aláìsàn a ti máa lo aspirin àti oògùn kejì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kí ọjọ́ náà tó pé. Lọ́pọ̀ ìgbà ojú rẹ̀ a là sílẹ̀. Ibi tí a ó gún ní itan nìkan ni a ń fún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora. Okùn irin a gba itan wọlé, a gba inú ikùn àti àyà kọjá dé ọrùn, gbogbo rẹ̀ lójú ẹ̀rọ X-ray. A ó kọ́kọ́ ti asẹ́ kékeré kan tí ó ká bí agboòrùn kọjá ibi tí ó fún, a ó sì ṣí i sókè níbẹ̀, kí ó lè gba èérún. Lẹ́yìn èyí ni àwọ̀n irin àti bálúùnù yóò ṣe iṣẹ́ wọn. Bí bálúùnù bá fẹ̀ ní oríta náà, ọkàn lè rọra lù, ẹ̀jẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀, nítorí pé oríta yìí gan-an ni ara fi ń mọ ìwọ̀n agbára ẹ̀jẹ̀. Oògùn èyí náà ní láti wà nítòsí. Dókítà a sì máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kí ó lè gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ṣì já gaara. Ní ìparí, a ó pa asẹ́ náà dé, a ó sì fà á jáde pẹ̀lú èérún tí ó bá wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tí Wọ́n Bẹ̀rẹ̀ sí í Kà

Ta ni yóò gbọ́ irú ọgbọ́n báyìí tí kò ní yọ̀? Kò sí ojú ọgbẹ́ ní ọrùn, kò sí oorun iṣẹ́ abẹ, àwòrán sì mọ́ ketekete. Ṣùgbọ́n ní Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pinnu láti ṣẹ́ kèké láàárín ọ̀bẹ àti àwọ̀n irin. Nígbà tí wọ́n tọ́jú ènìyàn 17, wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Nínú àwọn 10 tí ọ̀bẹ kàn, kò sí ẹni tí ẹ̀gbà kọlù. Nínú àwọn 7 tí wọ́n fi àwọ̀n irin sí ọrùn wọn, 5 ni ẹ̀gbà kọlù. Ní ọdún 1998 wọ́n kọ ọ́ jáde fún gbogbo ayé láti kà. Lójú tèmi, àròkọ náà wà lára àwọn ohun tí ó níyì jù nínú ìtàn yìí, nítorí pé àwọn tí iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n kà á, tí wọ́n sì sọ ọ́.

Ìwádìí mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọdún 2001, ìwádìí kan tí ó ní ènìyàn 504, tí wọ́n ṣe nígbà tí àwọ̀n irin kò tíì wọ́pọ̀, rí i pé nǹkan bí 10 nínú 100 ni ó kú tàbí tí ẹ̀gbà kọlù láàárín oṣù kan, ì báà jẹ́ ọ̀bẹ, ì báà jẹ́ bálúùnù. Ní ọdún 2004, ìwádìí tí ó ní ènìyàn 334, tí àìsàn mìíràn mú kí ọ̀bẹ léwu fún wọn, fi hàn pé àwọ̀n irin pẹ̀lú asẹ́ kò burú ju ọ̀bẹ lọ. Ọdún náà ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún iṣan ọrùn. Ní ọdún 2006, ilẹ̀ Faransé dá ìwádìí tirẹ̀ dúró lẹ́yìn ènìyàn 527: ẹ̀gbà tàbí ikú láàárín oṣù kan jẹ́ 3.9 nínú 100 fún ọ̀bẹ, ó sì jẹ́ 9.6 fún àwọ̀n irin. Àríyànjiyàn dé. Àwọn kan ní àwọn dókítà tí ó ṣe é kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwọn mìíràn bi wọ́n léèrè pé lára ta ni kí wọ́n ti máa kọ́ ọ.

Èsì tí ó gbòòrò ju àwọn wọ̀nyí lọ jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ọdún 2010, láti ara ènìyàn 2,502. Bí a bá pa ikú, ẹ̀gbà àti àìsàn ọkàn òjijì pọ̀ fún ọdún mẹ́rin, ó jẹ́ 7.2 nínú 100 fún àwọ̀n irin, 6.8 fún ọ̀bẹ. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, ẹ̀gbà pọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọ̀n irin ní ìgbà ìtọ́jú, 4.1 sí 2.3, àìsàn ọkàn sì pọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀bẹ, 2.3 sí 1.1. Ọjọ́ orí sì jẹ́ ààlà: láti nǹkan bí 70 ọdún sókè, ọ̀bẹ ni ó sàn jù. Èyí yé ni, nítorí pé bí a ti ń dàgbà ni iṣan àyà ń le tí ó sì ń wọ́, tí okùn irin fi ń họ èérún lára rẹ̀ bí ó ti ń kọjá lọ.

Ó ku àwọn tí kò sí ìkìlọ̀ kankan lára wọn, tí a kàn ṣèèṣì rí iṣan ọrùn wọn pé ó fún. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni ó wúwo jù lọ́kàn mi, nítorí ara líle ni wọ́n fi wá. Ní ọdún 2021, ìwádìí kan tí ó ní irú wọn 3,625 fi hàn pé nǹkan bí 1 nínú 100 ni ó kú tàbí tí ẹ̀gbà ńlá kọlù nítorí ìtọ́jú, yálà ọ̀bẹ ni o tàbí àwọ̀n irin, àti pé lẹ́yìn ìyẹn 2.5 nínú 100 ni irú rẹ̀ bá láàárín ọdún márùn-ún, ní ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò dúró sójú kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ti dára ju ti ìgbà Barnett lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe tún bi ìbéèrè àtijọ́ náà léèrè: bí a bá lo oògùn dáadáa tí a kò sì fọwọ́ kan ọrùn ńkọ́? Èsì rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2025. Láàárín ọdún mẹ́rin, ibi tí a ń ṣọ́ bá 6.0 nínú 100 àwọn tí ó lo oògùn nìkan, ó sì bá 2.8 nínú àwọn tí a fi àwọ̀n irin kún oògùn wọn. Ní apá ti ọ̀bẹ, ó jẹ́ 5.3 sí 3.7, ìyàtọ̀ tí ó lè jẹ́ ti kèké lásán. Lẹ́yìn 46 ọdún tí Mathias ti bẹ̀rẹ̀, àwọ̀n irin wá rí ẹ̀rí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ka ìhà kejì ìṣirò náà: 94 nínú 100 àwọn tí ó lo oògùn nìkan ni ibi náà kò bá. Ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ fi iye náà han aláìsàn kí ó tó ní kí ó fọwọ́ síwèé.

Ìṣirò Tiwa

Ẹ lè bi mí pé kí ni èyí kàn wá, nígbà tí ó jẹ́ pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ó kàn wá ní ti ọ̀nà ìṣirò, a kò sì bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lónìí. Láàárín ọdún 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣí ìwé àkọsílẹ̀ fún àrùn ẹ̀gbà ní ìlú Ìbàdàn. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tí àrùn náà kọlù sílẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1979: nǹkan bí ènìyàn 26 nínú 100,000 lọ́dún kan. Kò pọ̀ tó ti òkè òkun nígbà náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ni ọjọ́ orí wọn kéré.

Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi, ti Ìbàdàn bákan náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti ara ènìyàn 2,118 tí ẹ̀gbà kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n fi wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣáájú gbogbo ohun tí ó ń fà á, ó sì jìnnà sí èyí tí ó tẹ̀lé e. Àìjẹ ewébẹ̀ tó wà nínú wọn pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tú sínú ọpọlọ, tàbí tí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú ọpọlọ bàjẹ́, wọ́pọ̀ ju èyí tí ó ti oríta ọrùn wá lọ. Àwọ̀n irin kò lè wo ìyẹn sàn. Bí ìjọba kan bá ra ẹ̀rọ líla iṣan ọrùn kí ó tó rí i dájú pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn rẹ̀ wà ní gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké, ó ti ra àwòrán, ó sì ti fi ìṣirò sílẹ̀. N kò sọ pé kí a má kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn kan wà láàárín wa tí yóò wúlò fún, wọn yóò sì máa pọ̀ sí i bí a ti ń dàgbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ó ṣáájú, kí ẹ̀rọ tẹ̀lé e.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí bí Wepfer àti Willis ṣe mọ ibi tí àrùn wà, bí Moniz àti Fisher ṣe jẹ́ kí a rí i lára alààyè, bí ọ̀bẹ ṣe wọlé, àti bí okùn irin ṣe gba ọ̀nà itan wá bá ọ̀bẹ. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí ó kù fún ọgbọ́n tàbí ìgboyà. Ohun tí ó pẹ́ kí ó tó dé ni ìrẹ̀lẹ̀ láti jẹ́ kí ẹlòmíràn ka iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹ̀sọ̀ tí ó bá iṣan ọrùn mu kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan. Ẹ̀sọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, àti ẹ̀sọ̀ ẹni tí ó dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn ènìyàn 17 tí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, iṣẹ́ yín ni èyí pẹ̀lú. Ẹ̀ka ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ní àwọn tí a kò kà mọ́ ọn, ẹ wá wọn rí.